Owó Gbà-má-bínú Kì í Ṣe Èrè

Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní báǹkì tí a lọ ní Challenge nílùú Ìlọrin kò ṣe mí ní ibi kankan. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fún mi ní àga, ó wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀, ó wá bi mí ní ìbéèrè tí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó bi mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni owó yìí ti wá?"

Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa. Ọkùnrin kan ń pariwo sórí fóònù nípa sìmẹ́ǹtì tí wọn kò tíì já. Bàbá mi dúró tì mí, eruku àgbàdo ṣì wà létí fìlà rẹ̀ nítorí pé láti ọjà Ìpàta ló ti bá mi wá. Gbogbo ohun tí mo ti sọ níwájú adájọ́, tí mo sọ láìsunkún, kò sí èyí tó ṣeé sọ níbẹ̀, láàárín àwọn tó wá gba káàdì àti àwọn tó wá fi owó ránṣẹ́.

"Kóòtù ló ní kí wọ́n san án fún un," bàbá mi dáhùn.

"Ó dáa, sà. Owó ilẹ̀ ni, àbí owó iṣẹ́? Òfin owó orí tuntun ni a ń tẹ̀ lé. A ní láti kọ nọ́ńbà owó orí wọn sílẹ̀, ká sì kọ irú owó tó jẹ́. Tó bá jẹ́ èrè, ìjọba á gba tiwọn níbẹ̀."

Èrè. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde lórí àga. Mo sọ fún un pé à ń padà bọ̀, mo mú báàgì mi, mo bọ́ síta sínú oòrùn. Bàbá mi bá mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́sàn kan. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó ra ọsàn, ó ní kí wọ́n bó o, ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. A dúró síbẹ̀, à ń mu ọsàn bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ẹni tí kò mọ̀ mí, mo ní láti padà sẹ́yìn.

Ọmọ Ìlọrin ni mí. Agboolé wa kò jìnnà sí Ìpàta. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ni bàbá mi ń tà. Ìyá mi ń ránṣọ nínú ilé. Ọmọ ilé kéú gidi ni mí. Kí n tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ka Alùkùránì tán, mo sì gbọ́ èdè Lárúbáwá débi pé bí Àáfà wa bá ń bá àlejò fi èdè náà ṣe àwàdà, mo máa ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Ìyá mi a máa fi èyí yangàn fún àwọn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì fi mú mi náà nìyẹn.

Oníbàárà bàbá mi ni obìnrin tó tà mí. Ó máa ń ra ẹ̀wà lápò-lápò, kì í ná ọjà pẹ́, á sì béèrè àlááfíà gbogbo ilé kó tó lọ. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún bàbá mi pé ìdílé kan wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá tó ń wá ọmọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó gbọ́ èdè wọn, tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi pè mí sí ìdí àpò àgbàdo.

"Ṣé wàá lọ?"

"Mo fẹ́ lọ, Bàbá."

Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú mi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lóye. Wọ́n rò pé ẹni tí wọ́n bá tà, wọ́n ní láti kọ́kọ́ dè é lókùn. Ẹ̀rín ni mo ń rín títí ọkọ̀ fi gbéra. Bàtà tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ mi.

Kò sí ọmọdé kankan nínú ilé tí mo bá. Ìyá àgbà kan ló wà níbẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó di ọ̀gá mi. Ẹnu ọ̀nà ló ti gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ mi, bí ẹni ń gba agbòòrùn lọ́wọ́ àlejò. Mò ń tọ́jú ìyá àgbà, mò ń se oúnjẹ, mò ń fọṣọ, mò ń nulẹ̀. Bí mo bá sì parí ti ibẹ̀, wọ́n á gbé mi lọ nu ilé àbúrò ọ̀gá mi. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan mo béèrè owó mi. Ọ̀gá mi wò mí bí ẹni ń wo olè.

"Oṣooṣù ni mò ń fi owó rẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ."

"Ìyá mi kò rí nǹkan kan gbà, mà."

Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán ẹni tó ń gba owó náà hàn mí. Oníbàárà bàbá mi ni. Ó wé gèlè funfun, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n máa ń jẹ́ kí n bá ilé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé fóònù tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, á dúró tì í títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá sọ ìsọkúsọ, ọlọ́pàá ibẹ̀ ló máa wá kó mi, nítorí pé ìwé tí mo fi wọ̀lú kò pé. Nítorí náà, ohun tí bàbá mi ń gbọ́ ni pé ara mi le, àwọn ọmọ ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Mo tilẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò sí náà lórúkọ.

Lọ́jọ́ kan ìkòkò omi gbígbóná dà sí mi lọ́wọ́ òsì. Wọ́n fi bọ́tà ra á. Kò sẹ́ni tó gbé mi lọ sí ọsibítù, ìka ọwọ́ náà sì ká jọ, kò na mọ́.

Ìyá àgbà yẹn, mo ti gbìyànjú láti kórìíra rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Kò lè sọ̀rọ̀. Bí ilé bá dákẹ́, mo máa ń ka orí Yáásíìn nínú Alùkùránì fún un, bí mo bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, á di ojú rẹ̀ pinpin títí n ó fi padà pè é bó ṣe yẹ. Nínú ilé yẹn, òun nìkan ló ń bá mi wí bí ẹni ń bá ọmọ wí.

Nígbà tó kú, àwọn obìnrin kún ilé láti wá kí wọn kú ìdárò. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ka Alùkùránì, èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ èso dàbínù lọ́wọ́, mò ń kà á lẹ́nu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Obìnrin àlejò kan gbójú sókè.

"Níbo lo ti kọ́ èyí?"

"Ìlọrin ni, mà. Ní Nàìjíríà."

Ó tẹ̀ lé mi dé ilé ìdáná. Ó wo ọwọ́ òsì mi. Ó béèrè bóyá wọ́n ń sanwó fún mi, mo ní rárá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fún mi ní fóònù rẹ̀, ó kọjú sí ògiri kí n lè sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà bàbá mi kò sọnù lórí mi nítorí pé láti kékeré ni mo ti ń wò ó lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí. Nígbà tó gbé e, ariwo ẹ̀rọ ìlọta gba inú fóònù kan.

"Bàbá, wọ́n tà mí."

"Kí lo wí? N kò gbọ́."

Mo ní láti tún un sọ. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí, ìgbà kejì yẹn ló le jù.

N kò ní sọ bí bàbá mi ṣe sáré sókè sódò. Àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò dá sí i, wọ́n dá mi padà sílé, wọ́n sì mú obìnrin náà. Kì í ṣe èmi nìkan ló rán lọ. Lọ́yà tí wọ́n fún mi, ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Àǹtí ni mò ń pè é. Ó ní ọ́fíìsì kékeré kan lókè ilé ìtajà níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe.

Ní kóòtù, ìbéèrè kan tí lọ́yà tó ń gbèjà obìnrin tó tà mí bi mí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

"Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Orí ilẹ̀ lo ń sùn ni?"

"Rárá, sà. Mo ní bẹ́ẹ̀dì."

Ó yíjú sí adájọ́ bí ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀. Bí ẹni pé oúnjẹ àti bẹ́ẹ̀dì ti san gbogbo gbèsè.

Adájọ́ kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó rán obìnrin náà lẹ́wọ̀n, ó sì ní kí wọ́n ta ilé tó fi owó wa kọ́, kí wọ́n fi san owó gbà-má-bínú fún wa. Ó pín tèmi sí ọ̀nà méjì. Apá tó pọ̀ jù jẹ́ ti ìyà, ìtìjú àti ọwọ́ mi. Apá kejì jẹ́ ti owó iṣẹ́ tí ẹlòmíràn gbà jẹ. Nítorí pé kò sí ìwé tó fi iye tí ọ̀gá mi ń san hàn, ó ní òun yóò fi owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ilé yẹn tó tà. Nígbà tí owó wá dé, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni a lọ sí báǹkì tí mo sọ yẹn.

Nígbà tí a padà délé láti ìdí ọlọ́sàn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń dúró dè wá. Àáfà ni, òun ló kọ́ mi ní ábídí Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni agboolé wa ń tẹ̀ lé. Ìyá mi ló ránṣẹ́ pè é. Ìyá mi ti bá ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ owó náà láti òwúrọ̀.

"N kò fẹ́ kí owó yẹn sùn nínú ilé yìí," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká fi ṣe sàráà, ká gbé e fún àwọn aláìní. Kí ọmọ mi ṣáà ti wà láàyè. Àwọn ará àdúgbò ti ń wí pé owó Lárúbáwá dé. Wọ́n ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ló ṣe níbẹ̀."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ẹni tó bá rìn jìnnà tó sì padà wálé pẹ̀lú owó, tó bá jẹ́ obìnrin, ìdáhùn kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn ní fún un.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́kọ́ ka tẹ̀súbáà rẹ̀ tán.

"Sàráà wo?" ó béèrè. "Ìyà ọmọ rẹ lo fẹ́ fi ṣe sàráà? Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi tẹ̀súbáà sápò.

"Owó yìí, díyà ni. Ẹni tó bá ṣe ènìyàn léṣe, owó tó gbọ́dọ̀ san fún ẹni náà là ń pè ní díyà. Hàláálì ni. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní ìta, ẹ ní kí wọ́n wá bá mi. Sàká pàápàá kò tíì kàn án, àfi bó bá pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀." Ó wá yíjú sí mi. "Ti ìjọba ni n kò mọ̀. Ẹ lọ béèrè ti ìjọba lọ́wọ́ ìjọba."

Omi bọ́ lójú mi nígbà náà. N kò mọ̀ pé mo ti ń dúró kí ẹnì kan pe owó yẹn ní hàláálì.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì lọ́yà, mo sọ ohun tí ọmọbìnrin báǹkì wí. Àǹtí bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ yẹn kò ṣìwà hù, ṣùgbọ́n kò mọ irú owó tó ń wò ni," ó wí. "Apá kìíní, kò sí wàhálà lórí rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá gbà nítorí ibi tí wọ́n ṣe sí ara rẹ̀, òfin kò kà á sí èrè. Ìwọ kò jèrè. Wọ́n ba nǹkan rẹ jẹ́, wọ́n ń tún un ṣe. Apá kejì ni mo fẹ́ ká lọ béèrè dájú. Owó iṣẹ́ ni adájọ́ pè é. Owó iṣẹ́ ní òfin tirẹ̀."

Bàbá mi dìde dúró. Ẹni tó bá mọ bàbá mi mọ̀ pé kì í bínú láàárín àwọn ènìyàn.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ìjọba fẹ́ gba owó orí lórí oko ẹrú? Ọmọ mi sìnrú, ẹlòmíràn kó owó rẹ̀ jẹ, wọ́n wá rí i gbà padà, ìjọba náà tún fẹ́ na ọwọ́?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. N kò tíì sọ pé wọ́n máa gbà á. Mo ní ká béèrè."

Èmi náà wá sọ ohun tí n kò mọ̀ pé mo fẹ́ sọ.

"Àǹtí, bó bá jẹ́ owó iṣẹ́ lóòótọ́, mo fẹ́ san án."

Àwọn méjèèjì wò mí.

"Ẹ rántí ọkùnrin tó bi mí bóyá wọ́n ń fún mi lóúnjẹ. Lójú tirẹ̀, n kò ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn ń bọ́ mi ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń san owó orí, ẹrú kì í san án. Bí ìjọba bá gba owó orí lọ́wọ́ mi, a jẹ́ pé wọ́n gbà pé iṣẹ́ ni mo ṣe. Mo gbé ìyá àgbà yẹn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ àti lálẹ́. Iṣẹ́ ni."

Bàbá mi jókòó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àǹtí gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀ padà.

"Mo gbọ́ ọ," ó wí. "Ṣùgbọ́n má tíì san ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ rẹ. Ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ tẹnu wọn."

Ní ọ́fíìsì owó orí, àgbàlagbà ọkùnrin kan ni wọ́n ní ká rí. Àǹtí gbé ẹ̀dà ìdájọ́ sí iwájú rẹ̀. Ó pọ̀, ó nípọn. Gbogbo ohun tí ojú mi rí ló wà nínú rẹ̀, ojú ewé lé ojú ewé. Ọkùnrin náà ṣí i, ó ka ìlà bíi mélòó kan, ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn ewé náà kọjá láìkà wọ́n.

"Èyí kò kàn mí, ọmọ mi," ó wí. "Ibi tí adájọ́ ti pín owó nìkan ni mo fẹ́ rí."

N kò lè sọ bí ìyẹn ṣe rí lára mi. Láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó bá ti rí ìwé náà ló ń kà á, bí wọ́n bá sì kà á tán, wọn kì í wò mí bí wọ́n ṣe ń wò mí tẹ́lẹ̀.

Ó rí ibi tó ń wá, ó kà á lákàtúnkà. Ó ní ti ìyà àti ti ọwọ́ mi, ó ti yé òun, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Ti owó iṣẹ́, ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí, òun yóò bi àwọn ọ̀gá òun léèrè, kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá mi mí kanlẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ń ro ọ̀rọ̀ náà ṣáá, gbà-má-bínú. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré: bí ewúrẹ́ ẹnì kan bá jẹ ọkà ẹlòmíràn, wọ́n á gbé nǹkan lọ, wọ́n á ní kó gbà kó má bínú. Ẹni tó gbà á á ní kò tọ́pẹ́, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Mo ti gba tèmi. Mo wo ara mi bóyá ìbínú ti lọ, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo rí obìnrin tó tà mí lójú àlá, tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo bàbá mi. Mo bi Àǹtí lórí fóònù bóyá ó burú pé mo gba owó, mo sì ń bínú. Ó ní òfin ní kí obìnrin náà sanwó. Kò sí ibi tí òfin ti ní kí èmi má bínú. Orúkọ tí àwa Yorùbá fún un ló ń bẹ̀ mí, ó ní, kóòtù kò bẹ̀ mí. Mo rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà.

Nígbà tí a padà lọ, ọkùnrin náà ti ń retí wa. Ó ní kí bàbá mi jókòó sí àga tó ní ìrọ̀rí.

"A ti wò ó," ó wí. "Owó iṣẹ́ ni lóòótọ́, bí adájọ́ ṣe pè é. Ṣùgbọ́n owó oṣù tó kéré jù lọ ló fi ṣírò rẹ̀ fún gbogbo oṣù tó o fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju ìyẹn lọ, òfin ti yọ ọ́ kúrò nínú owó orí. Kò sí ohun tó o máa san."

"Àlùhámúdùlíláì," bàbá mi wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà lẹ́yìn ìdùnnú náà tó korò díẹ̀. Ohun tó yọ mí ni pé iye tí wọ́n dá lé iṣẹ́ mi kò lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti kà á sí iye tó tọ́ sí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn tọ̀sán-tòru, bóyá n ó san nǹkan kan. N kò mọ bí a ṣe ń ṣàlàyé irú ìyẹn fún ẹni tó ń yọ̀ fún ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo wí, "nínú ìwé yín, kí lẹ máa pè é? Owó iṣẹ́ ni ẹ máa kọ, àbí ẹ máa kọ pé owó àánú ni?"

Ó bọ́ awò rẹ̀, ó wò mí dáadáa.

"Owó iṣẹ́ tí òfin yọ kúrò nínú owó orí. Bẹ́ẹ̀ ni a kọ ọ́."

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó kà á fún mi. Ó kà á. Mo ní kó tún un kà. Kò bínú, ó tún un kà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ tuntun létí ìyá rẹ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa padà sí Ìpàta, nígbà tí a sún mọ́ ọjà, bàbá mi yíjú sí mi.

"Ṣé wàá san owó orí náà lóòótọ́ ká ní wọ́n ní kó o san án?"

"N ó san án, Bàbá."

"Èmi náà ì bá bá ọ san níbẹ̀," ó wí. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò sọ láti ọjọ́ tí mo ti dé. "Èmi ni mo bi ọ́ pé ṣé wàá lọ."

"Èmi ni mo ní mo fẹ́ lọ."

Ó mi orí. Ó di ọwọ́ òsì mi mú títí a fi sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń yẹra fún nítorí wọ́n rò pé ó ṣì ń dùn mí. Kò dùn mí.

Ọ̀rọ̀ báǹkì kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn. Mo fi díẹ̀ nínú owó náà ṣiṣẹ́ abẹ ìka mi. Ó ń na díẹ̀díẹ̀ báyìí, mo lè di abẹ́rẹ́ mú. Ìyá mi kò tíì jẹ́ kí n ra nǹkankan fún òun nínú rẹ̀. Bí mo bá ra ọṣẹ wálé, á béèrè pé owó wo ni mo fi rà á. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù owó yẹn kì í ṣe ohun tí ìwé ọ́fíìsì kan lè lé lọ lọ́kàn ìyá.

Mo tún fi nínú rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn kan bi mí bí mo ṣe lè tún padà sídìí iṣẹ́ tí wọ́n fi pọ́n mi lójú. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mọ bí a ṣe ń gbé ẹni tí ara rẹ̀ wúwo láìjẹ́ kó máa rò pé òun wúwo. Obìnrin yẹn kó owó mi jẹ, n kò ní jẹ́ kó kó ìyẹn náà lọ.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni mò ń tọ́jú ní Tanke báyìí, Kìrìsìtẹ́nì láti Gúúsù Kwara, ẹsẹ̀ ni kò gbé e mọ́. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbà mí, mo sọ iye tí mò ń gbà fún wọn, mo ní ọjọ́ Jímọ̀ jẹ́ tèmi, mo sì ní ìwé ìdánimọ̀ mi kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n gbà. Bí àkókò ìrun bá tó, tíṣà náà ló máa ń rán mi létí, nítorí pé aago ògiri rẹ̀ kọjú sí i.

Ó nífẹ̀ẹ́ sí àríyànjiyàn. Lánàá ó tọ́ ọbẹ̀ ilá tí mo sè wò, ó fi ṣíbí lélẹ̀.

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù."

"Kò pọ̀ jù, Bàbá. Ẹnu yín ni kò dùn lónìí."

"Ṣé ẹnu mi lo ń bá wí?"

"Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì jẹ ẹ́ tán.